Àdúrà Ọ̀nà Tí Ìyá Mi Kò Sọ Fún Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, etí mi ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì kí èmi fúnra mi tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ní kí n bá yín yan ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ó ti gba dígírì kejì nínú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ gbé fóònù sí mi lójú, ẹ fi èyí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ hàn mí, ẹ fi ti Èkó hàn mí, ẹ tún fi ti Amẹ́ríkà kan hàn mí tí ènìyàn lè jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ nílé kó kà á parí. Ẹnu yà mí. Ilé ẹ̀kọ́ olùṣọ́-àgùntàn tí kò sí aládùúgbò kan tí yóò yọjú wò ọ́ bóyá o ti jẹun! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, n ó sọ èyí tí mo mọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò lè jáde lẹ́nu mi kí ti Jídé ọ̀rẹ́ mi má bá a jáde, ti Jídé kò sì lè jáde kí ti ìyá mi má tẹ̀lé e.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ, ayé ológun, nígbà tí mílíìkì inú agolo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí à ń fojú rí lórí àtẹ tí a sì ń kọjá. Agogo ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe agogo. Irin àárín táyà lọ́rì ni, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ igi máńgòrò, bàbá ọlọ́dẹ a sì máa fi irin mìíràn lù ú ní ìdájí. Bó bá ti dún, ẹ ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yóò máa ké lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ọwọ́ á bú sẹ́kún nínú ilé àwọn tó ti gbéyàwó, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná, èéfín á sì gba gbogbo ọgbà. Kó tó di ìgbà àdúrà òwúrọ̀, orin á ti sọ, tẹ́nọ̀ níhìn-ín, báàsì lọ́hùn-ún, ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì á máa kọ ọ́ tagbára-tagbára. Mo kọjá níbẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọjá lára mi, ó fi nǹkan dí etí rẹ̀ méjèèjì, ó ń mi orí. Mo kí i, kò gbọ́. Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

A máa ń ṣoko nígbà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan ni oko wà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ilá, ẹni tó bá lágbára á kọ ebè iṣu. Òyìnbó àgbà kan ló ń kọ́ wa ní èdè Gíríìkì. Ó ti pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ débi pé bó bá ń bínú, Yorùbá ló fi ń bínú. Bó bá rí ẹni tí koríko bo ebè rẹ̀, á dúró, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìjọ tí wọ́n bá fún ọ ńkọ́, ṣé bí o ṣe máa tọ́jú wọn nìyẹn?" Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa wọ́n. A ó to garawa sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, garawa á dúró dípò ẹni tó ni ín, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ti ẹnìkejì kúrò. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn àkísà tèmi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n máa sá wọn sóòrùn.

Yàrá kan náà ni èmi àti Jídé ń gbé. Abúlé kan lẹ́bàá Ìgbòho ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń bí i, bàbá rẹ̀ náà kò pẹ́ kó tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìwà kan: bó bá fẹ́ pa ẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín á ti pa òun fúnra rẹ̀ kí ẹ̀fẹ̀ tó jáde, tí a kò fi ní í gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ mọ́. A ó kàn máa bá a rẹ́rìn-ín náà ni. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, òun ló ń fọ abọ́. Òun ló ń fọṣọ, èmi ni mò ń fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọṣọ. Bí ọ̀kan nínú wa bá lóògùn ibà, àwa méjèèjì la jọ lò ó, bí ibà tiẹ̀ mú ẹnìkan ṣoṣo.

Ọjọ́ Sátidé ni ọgbà máa ń tú. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìjọ abúlé tó ń bójú tó. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, a ó gbé àpò kọ́ èjìká, a ó forí lé Ọjà Igbó láti lọ wọ lọ́rì, àárín iṣu òun ewúrẹ́ la ó sì jókòó sí. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ ní oríta abúlé, díákónì á ti gbé kẹ̀kẹ́ ológeere dúró dè ọ́, wàá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di gbágba-gbàgba nínú igbó. Lọ́jọ́ kan, nígbà òjò, díákónì tèmi gbé mi sódò. Odò náà kò tó odò, ṣùgbọ́n ó tó láti rẹ sòkòtò kan ṣoṣo tí mo mú dání. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní Sunday, sòkòtò kò gbẹ. Baálé abúlé náà, ọdẹ ni, ó yá mi ní sòkòtò ọdẹ rẹ̀, èyí tí àpò wà lára rẹ̀ káàkiri bí ẹnu ihò òkété. Mo gun orí àga ìwàásù, mo ṣí Bíbélì, mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ̀rù." Ìyá arúgbó kan níwájú ní, "Àwa kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù, pásítọ̀. Ẹran igbó ni." Mi ò rí ìwàásù náà ṣe parí. Nígbà tí mo padà dé tí mo sọ ọ́ fún Jídé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó bá ṣe mí kò tíì ṣe mí tán títí n ó fi sọ ọ́ fún un.

Ìsinsìnyí, ọkọ̀ ìjọ ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ tó sì ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tí o kò sùn nílé wọn rí, tí o kò gbọ́ ikọ́ àwọn ọmọ wọn láti yàrá kejì, kí ni o fẹ́ sọ fún wọn?

Ìyá mi ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ilé tí bàbá mi kú fi sílẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n. Òwú ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì, ìyẹn làwọn ará àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Olówùú. Láyé ìgbà náà, bí ìpè àdúrà bá ti dákẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ìró òfì ló kàn, kà-kà-kà láti ojúlé dé ojúlé, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èmi nìkan ni mo yè nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fi mí sí ní kékeré, nítorí òun ló súnmọ́ ilé, ibẹ̀ ni mo sì ti di onígbàgbọ́. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ ṣèrìbọmi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé wàá ṣì máa wá kí mi ní Iléyá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó tán náà."

Mo sì ń lọ, èmi àti Jídé ni. Ọdọọdún la ń wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ jẹ Iléyá. Bí a bá ti wọlé, ìyá mi kì í kọ́kọ́ wò mí, Jídé ni wọ́n á kọ́kọ́ mú lápá, wọ́n á ní, "Wọn ò fún ọ lóúnjẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń ka Bíbélì yẹn ni?" Jídé á wọ ilé ìdáná tẹ̀lé wọn, á jókòó sórí àpótí, á máa fẹ́ iná, wọ́n á máa bá a wí, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Kò pe obìnrin mìíràn ní Màmá rí láyé rẹ̀. Nígbà tí a bá ń padà lọ, wọ́n á di ẹran díndín kún agolo fún wa. Ẹran Iléyá ìyá mi, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ló jẹ ẹ́ jù ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí a ń parí dígírì kìíní ni ọ̀rọ̀ yíyàn dé. Ìwé ńlá kan wà ní ilé ìkàwé tí wọ́n kó orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìsìn òkè òkun jọ sí. Etí ìwé náà ti ká kò nítorí itọ́ ni gbogbo wa fi ń ṣí i. A ó máa wo àwòrán ilé bíríkì pupa àti yìnyín, a ó sì pa á dé, a ó lọ ro oko wa. Ẹ̀yin ń rò pé iṣẹ́ Olúwa kò ju orí àga ìwàásù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú wa ni ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn láti máa jókòó ti aláìsàn, àwọn kan lọ ṣe pásítọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ní bárékè, àwọn kan ń kọ́ Bíbélì ní ilé ìwé girama. Wọ́n ní àdúrà ni kí a fi yàn. A gbàdúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti máa ń mọ ohun tí àdúrà wa máa sọ.

Ní tèmi, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú oko kan lápá Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe pásítọ̀ abúlé yóò ti máa kọ́ Bíbélì lédè Yorùbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí èmi àti Jídé jọ ka dígírì kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a sì jọ lọ síbẹ̀ bí a bá parí. Ẹni méjì ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ju agbára ẹnìkan lọ, bí kò bá pé méjì, kò ní í sí ilé ẹ̀kọ́. Ní àkókò yẹn náà ni ìjọ kan ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí ilé ìyá mi, ń wá pásítọ̀. Wọ́n ní bí mo bá gbà, kí n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀ láìka dígírì kejì kankan, àwọn á dúró dè mí títí oṣù náà yóò fi parí, lẹ́yìn ìyẹn àwọn á mú ẹlòmíràn.

Ìyá mi gbọ́ nípa ti ìjọ Ọ̀yọ́ yìí. Wọn kò ní kí n wá, wọn kò ní kí n má wá. Ẹ mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á kàn máa tún yàrá ṣe. Nígbà tí mo délé, káfíńtà ti tún ilẹ̀kùn yàrá iwájú kàn, wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri, ẹní tuntun ti wà nílẹ̀. Mo bi wọ́n pé àlejò wo ló ń bọ̀. Wọ́n ní, "Eku ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa lásìkò náà. Mo mọ̀ pé ìyá mi ń dá gbé, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi Jídé sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ ti kú. Mo gbé e ka iwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan tí a ń ro ìdí àgbàdo. Ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ká ní èmi ni ìwọ, ọ̀dọ̀ Màmá ni n bá lọ."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Má wo tèmi. Lọ sọ́dọ̀ Màmá."

Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún sọ ọ́ nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi àdúrà. Ẹ̀yin ọmọ mi, Yorùbá ni yín, ẹ sọ ọ́ fún mi: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kí o má wo ti òun, kí lo máa ṣe? Ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn gan-an lo máa wo tirẹ̀? Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ẹ́, o ní o ti yó. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó, o ní o fẹ́ máa lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń ti Jídé láti ní kí n dúró ti òun. Bó ṣe ń lé mi lọ tó ni mo ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i tó.

Iléyá dé. Mo lọ lọ́jọ́ ọdún gan-an, mo sì padà nítorí aláìsàn kan tó wà ní ìjọ abúlé mi. Ní ọjọ́ kejì, Jídé dá lọ sí Ọ̀yọ́, ó ní òun ò lè pàdánù ẹran òun. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í léèrè, ó ní èéfín ilé ìdáná Màmá ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ bá àwọn àgbà ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ dúró sí. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo gba ilé kọjá lọ sọ fún ìyá mi. Wọ́n ń ká òwú. Ọwọ́ wọn dúró díẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á tọ́ ọ sọ́nà." Wọ́n sì tún ń ká òwú wọn lọ.

Lẹ́yìn tí oṣù parí, tí ìjọ Ọ̀yọ́ ti mú ẹlòmíràn, mo ti abúlé dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa. Ibùsùn Jídé ti di igi lásán. Sítóòfù rẹ̀ àti ìwé Gíríìkì rẹ̀ wà lórí ibùsùn tèmi. Bàbá ọlọ́dẹ ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá mú un, pé Èkó ni wọ́n gbà lọ, pé ó ti wọ bàálù. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíríkì pupa yẹn ló gbà á, wọ́n á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo gbé sítóòfù lé itan, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe.

Mo mọ ìdí tí kò fi sọ fún mi. Gbogbo ẹni tó ń lọ sókè òkun nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bí o bá sọ ìrìn-àjò rẹ kí o tó rìn ín, wọn ò ní fún ọ ní físà, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ kán lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ṣì ń ṣe é. Ìgbà tí ẹ bá ti balẹ̀ tán lẹ tó máa gbé àwòrán pápákọ̀ òfuurufú sórí fóònù pé Ọlọ́run ṣé o. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹun lánàá á máa wò ó bí àjèjì.

Ọ̀yọ́ ni mo gbà lọ. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi ní, "Màmá, Jídé ti lọ."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ó dé àbí kò dé?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni. Lọ́jọ́ kejì Iléyá. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí o dúró sí yẹn, ó ní kí n ṣàdúrà ọ̀nà fún òun, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní títí kan ọ̀rẹ́ rẹ? Ó bú sẹ́kún, ó ní àwọn ará ilé òun ló mú òun búra bẹ́ẹ̀."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ nígbà tí mo wá! Ẹ jókòó síbí, ẹ ń ká òwú, ẹ jẹ́ kí n fi ìjọ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ẹ ní Ọlọ́run á tọ́ mi sọ́nà!"

"Ká ní mo sọ, wàá wá sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn." Wọ́n gbé òwú sílẹ̀. "Ọmọ tí kò ní ìyá wá bá mi, ó ní kí n ṣe ìyá fún òun lọ́jọ́ kan. Kí n wá tú àṣírí rẹ̀ nítorí kí ọmọ tèmi lè súnmọ́ mi? Bí nǹkan bá wá ṣe é lọ́nà, kí ni n ó wí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló máa wà lọ́dọ̀ yín?"

"Mo ti ń dá gbé kó o tó mọ̀ pé mò ń dá gbé, ọkọ mi. Lọ bu omi mu."

Mo bu omi, mi ò lè mu ún. Yàrá iwájú ṣí sílẹ̀, ẹní tuntun wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí Jídé, mo sì ń bínú sí ara mi pé mi ò rí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá mi mọ òwe yìí jù mí lọ, wọ́n sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi nìkan ni mo ka dígírì kejì náà nínú yàrá ẹni méjì. Mo ń se oúnjẹ, mo ń fọ abọ́. Bí nǹkan apanilẹ́rìn-ín bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, n ó gbé e dé yàrá, n ó sì jókòó tì í. Ìgbìmọ̀ wá ẹlòmíràn, wọn kò rí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ kú sínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n rán mi lọ sí ìlú oko náà gẹ́gẹ́ bíi pásítọ̀ ìjọ kan, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí. Mo gbéyàwó níbẹ̀, mo bímọ níbẹ̀, mi ò lè sọ pé Ọlọ́run kò ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n ọ̀nà burú, nígbà òjò ọkọ̀ kì í dé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí ìyá mi láàárín ọdún. Wọ́n kú ní àárín òjò. Ẹ mọ àwọn Mùsùlùmí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sin òkú wọn. Nígbà tí ẹni tí wọ́n rán sí mi fi máa bá mi, koríko ti fẹ́ máa hù lórí sàréè. Àwọn ará àdúgbò ní wọn ò ṣàìsàn, wọ́n ní wọ́n kàn jókòó ti òwú wọn ni. Kò sí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ń dùn mí di òní olónìí, mi ò sì mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ tí yóò fi dín kù.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán Sunday kan, tèmi dún. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì jáde. Mo ní, "Jídé." Ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú olótùútù lòun ti ń ṣe pásítọ̀, pé òun ló ń jókòó ti àwọn tó ń kú lọ tí wọn kò ní ará. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní ó ti tán, ó sì ti tán lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ó wá ní, "Màmá ńkọ́?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Mo bi í pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn?" Ó ní kò sí ẹnìkankan, òun nìkan ni. Mo ní, "Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ."

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ló ń pè. Á ní òun ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún á dé, á tún di èyí tó ń bọ̀. Wọ́n ní àjò kò dùn kí onílé má relé, àmọ́ ilé ta ni Jídé fẹ́ re? Ìyàwó tèmi ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ mi wà níbi iṣẹ́ wọn, èmi ni mo padà sí yàrá iwájú yẹn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí òfì kò ti dún mọ́. Sunday gbogbo ni yóò béèrè, Sunday gbogbo ni n ó dáhùn.

Láìpẹ́ yìí ni mo wá rò ó pé ó tó gẹ́ẹ́. Àgbà ti dé sí àwa méjèèjì, mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Mo ní, "Jídé, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún ọ nípa Màmá."

Ó ní, "Má sọ ọ́. Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, èmi náà mọ ọdún kà."

"Kí ló dé tó o fi ń béèrè wọn?"

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí n ò bá béèrè wọn mọ́, ta ni kí n máa béèrè nílé?"

A jọ wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí owó tó wà lórí rẹ̀ fi tán.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, fóònù dún. A kíra wa, ó bi mí nípa orúnkún mi, mo bi í nípa òtútù. Ó wá ní, "Màmá ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ."